Ẹnu Abẹ́rẹ́ Tí Mo Lẹ̀ Mọ́ Orúkọ Ẹlòmíràn

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ka ìtàn yìí, ẹ má wulẹ̀ wá ibi tí ẹ ó ti káàánú mi nínú ẹ̀. Ohun tí mo ṣe, ojú mi là kedere nígbà tí mò ń ṣe é.

Iṣẹ́ aṣọ rírán ni mo mọ̀, mi ò kàwé lọ títí. Ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń rán aṣọ ọmọ ọwọ́ ni mo wà nígbà náà. A tó ogójì obìnrin nínú gbọ̀ngàn kan ṣoṣo, oníkálukú lórí ẹ̀rọ tirẹ̀. Ọrùn aṣọ ni èmi ń rán. Ọgọ́fà ni mo gbọ́dọ̀ rán lójúmọ́. Ẹni tí iye tirẹ̀ ò bá pé lẹ́ẹ̀mẹta láàárín oṣù kan, ilé ló ń lọ, kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ìyá Onígíláàsì ló mú mi wọ ibẹ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ ẹ̀rọ tí kò fi ní sá lọ mọ́ èèyàn lẹ́sẹ̀. Èjìká aṣọ ni wọ́n ń rán, iwájú mi gan-an ni wọ́n jókòó sí, gíláàsì ojú wọn nípọn bí ìdí ìgò. Ọdún kan ààbọ̀ péré ló kù fún wọn láti fẹ̀yìn tì pẹ̀lú ẹ̀tọ́ wọn. Wọ́n máa ń kà á fún mi lóṣooṣù.

"Ọmọ mi, ó ku méjìdínlógún."

Súpáfáísọ̀ wa ńkọ́? Kíákíá là ń pè é lẹ́yìn. Obìnrin kan nínú wa tí à ń pè ní Rédíò, torí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, sọ nígbà kan pé bí èèyàn bá fẹ́ kú sórí ẹ̀rọ, Kíákíá á ní kó tètè kú, kí ẹlòmíràn lè rí ẹ̀rọ lò.

Lọ́jọ́ Ajé kan, obìnrin tó ń tọ́jú abẹ́rẹ́ lọ bímọ. Kíákíá wá dúró tì mí.

"Ìwọ tọ́wọ́ ẹ yá yìí, láti òní lọ, ìwọ ni wàá máa tọ́jú abẹ́rẹ́."

"Ọ̀gá, ọgọ́fà ọrùn tí mò ń rán ńkọ́?"

"Ọgọ́fà ṣì ni. Abẹ́rẹ́ kì í ṣe òkúta, kò ní wúwo lọ́wọ́ ẹ."

"Mà, ẹni tó ń ṣe é tẹ́lẹ̀, kì í rán aṣọ mọ́ ọn."

"Ọ̀lẹ nìyẹn. Ṣé ìwọ náà fẹ́ di ọ̀lẹ ni? Àwọn tó ń wá iṣẹ́ kún ẹnu géètì."

Rédíò fọhùn láti ẹ̀yìn mi. "O ti joyè o. Ìyálóde Abẹ́rẹ́, ṣé ká kúnlẹ̀ ni àbí ká fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀?"

Gbogbo láìnì, àwa tí ẹ̀rọ wa tò tẹ̀ léra, rẹ́rìn-ín. Inú mi ń hó bí omi orí iná. Ẹnu mi ní, "Ó dáa, mà."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé iṣẹ́ náà. Bí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ mọ́ ẹnikẹ́ni lẹ́rọ, á dúró, á ṣa gbogbo èkúfọ́ rẹ̀ wá fún mi. Èmi á tò wọ́n mọ́ra wọn lórí ìwé ńlá kan, èkúfọ́ kan tẹ̀ lé èkejì, títí á fi gùn tó abẹ́rẹ́ tuntun. Màá fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ìwé, màá kọ ọjọ́ àti orúkọ, ẹni náà á fọwọ́ sí i. Ìgbà yẹn ni mo tó lè fún un ní òmíràn.

Bí kò bá pé, kò sí abẹ́rẹ́ tuntun. Gbogbo aṣọ tó wà nítòsí ẹ̀rọ yẹn á lọ sórí tábìlì, a ó máa fi irin òòfà ra wọ́n lára lọ́kọ̀ọ̀kan títí a ó fi rí èyí tó kù. Ó lè gba wákàtí kan, ó lè gba mẹ́ta. Ọmọ ọwọ́ ló máa wọ aṣọ wọ̀nyẹn, ọmọ ọwọ́ ò sì lè sọ pé nǹkan ń gún òun.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, abẹ́rẹ́ mọ́kànlá ló ṣẹ́. Ọrùn mi kò pé ọgọ́fà lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kíákíá gbé ìwé iye mi sókè, ó kà á létí gbogbo ayé.

"Mọ́kànléláàádọ́rùn-ún. Ẹ bá mi pàtẹ́wọ́ fún un."

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ìyá Onígíláàsì nìkan ni kò pa á. Lọ́jọ́ Ẹtì, kò tún pé.

"Ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn," Kíákíá wí. "Ẹ̀ẹ̀kẹta ló kù. Ṣé o mọ ọ̀nà ilé yín?"

Mo mọ̀ ọ́n. Àbúrò méjì ló wà níbẹ̀ tó ń wojú mi.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo rí ọ̀nà àbáyọ. Gbọ̀ngàn kejì, níbi tí wọ́n ti ń rán ṣòkòtò iṣẹ́ tó nípọn, máa ń kó abẹ́rẹ́ wọn tó ti kú fún mi láti sọ nù. Wọn ò ṣẹ́, ẹnu wọn ló kàn ti kú, tí kò mú mọ́. Agolo kan kún fún wọn lábẹ́ ẹ̀rọ mi. Obìnrin kan wá bá mi pẹ̀lú èkúfọ́ méjì, ẹnu abẹ́rẹ́ kò sí níbẹ̀. Aago ti lọ, ọrùn mi ṣì kù rẹpẹtẹ.

Mo ní kó bá mi mú òwú wá. Kó tó dé, mo ti fi pílásì ṣẹ́ ẹnu abẹ́rẹ́ kan láti inú agolo, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ tirẹ̀. Ó pé géérégé.

"Níbo lo ti rí i?" ó bi mí.

"Ara aṣọ ẹ ló lẹ̀ mọ́. Fọwọ́ sí i, jẹ́ ká ráyè."

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Lójú mi, ẹnu abẹ́rẹ́ ni ẹnu abẹ́rẹ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Mo tún ṣe é fún ẹnìkejì, mo ṣe é fún ẹ̀kẹta. Nígbà tí tèmi alára ṣẹ́, mi ò tilẹ̀ wá ẹnu rẹ̀ mọ́ kí n tó na ọwọ́ sínú agolo. Ọgọ́fà mi ń pé. Àwọn obìnrin ń yìn mí. Rédíò ní, "Ìyálóde wa ò fìyà jẹ ará ìlú. Èyí tó lọ bímọ yẹn, a máa dá wa dúró bí ẹni tó jẹ̀bi." Mo gba ìyìn yẹn, mo jẹ ẹ́, ó dùn.

Ó wá kan Ìyá Onígíláàsì.

Ọ̀sán gbóná lọ́jọ́ yẹn, fáànù kan ṣoṣo ló ń ṣiṣẹ́. Ọrùn mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni mo ti rán, wákàtí kan ààbọ̀ ló kù. Tí kò bá pé lọ́jọ́ náà, ẹ̀ẹ̀kẹta nìyẹn. Mo rí wọn tí wọ́n ń bọ̀, èkúfọ́ abẹ́rẹ́ wà lórí àtẹ́lẹwọ́ wọn.

"Ọmọ mi, ẹnu rẹ̀ ò sí níbẹ̀. Mo wá a títí. Jẹ́ ká kó àwọn aṣọ yìí sórí tábìlì."

"Ìyá, ẹ jókòó. Màá bá yín wò ó."

"Kì í ṣe ká wò ó lásán. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n ń rán an fún."

Ẹ̀rọ ti dákẹ́ ní àyíká wa, àwọn èèyàn ti ń gbọ́. Mo tẹ ọwọ́ mi sórí àtẹ́lẹwọ́ wọn bí ẹni tó ń ṣa nǹkan. Ẹnu abẹ́rẹ́ kan látinú agolo ti wà láàárín ìka mi.

"Òun rèé. Orí ọwọ́ yín níbí ló wà. Ìyá, ẹ̀yin tí ẹ ò rí ìka ara yín mọ́, kí lẹ fẹ́ lọ rí lórí tábìlì?"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Rédíò ní, "Ẹ bá wọn ra gíláàsì kan sí i, kí wọ́n wọ méjì lérí ara wọn."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí àgbà máa ń rín kí ojú má baà tì í. Wọ́n bọ́ gíláàsì, wọ́n fi ìdí ìró wọn nù ún. Wọ́n mú ọwọ́ wọn sún mọ́ imú, wọ́n wò ó.

"Mo mà ti wo ibẹ̀," wọ́n wí jẹ́ẹ́. "Ojú yìí ti ń tàn mí o."

Wọ́n fọwọ́ sí ìwé. Mo rán ọrùn mọ́kànlélọ́gọ́fà lọ́jọ́ yẹn, ọ̀kan lé.

Ọjọ́ mẹ́rìnlélógún lẹ́yìn náà, Kíákíá pa iná gbogbo ẹ̀rọ nígbà tí a ò tíì sinmi. Kò ṣẹlẹ̀ rí. Ọ̀gá Àgbà, tó ni ilé iṣẹ́, wọlé pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́.

Ọmọ oṣù mẹ́rin kan ló wọ aṣọ wa. Ọjọ́ méjì ló fi ké. Àwọn òbí rẹ̀ rò pé inú ló ń run ún, wọ́n ń fún un lóògùn inú. Lọ́jọ́ kẹta, ìyá rẹ̀ ń wẹ̀ ẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kan nǹkan líle lábẹ́ awọ èjìká. Dókítà ló fi ọ̀bẹ yọ ọ́. Wọ́n kó o sínú ọ̀rá kékeré, wọ́n fi ránṣẹ́ pẹ̀lú aṣọ náà.

Nọ́ńbà tó wà nínú aṣọ sọ láìnì, ó sọ ọjọ́. Wọ́n ṣí ìwé mi. Orúkọ Ìyá Onígíláàsì ló wà níbẹ̀, abẹ́rẹ́ wọn sì pé lórí ìwé. Ọ̀gá Àgbà tẹ́ èyí tó wá láti èjìká ọmọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Abẹ́rẹ́ kan," ó wí, "ẹnu méjì."

Wọ́n pe àwa mẹ́ta sínú ọ́fíìsì, Ìyá, èmi àti Kíákíá.

"Mo sọ fún un pé ẹnu rẹ̀ ò sí níbẹ̀, sà," Ìyá náà wí. "Ó ní òun rí i lọ́wọ́ mi."

Ọ̀gá Àgbà kọjú sí mi. "Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?"

Mo ní ìṣẹ́jú kan níbẹ̀ láti sọ òótọ́. Mo mọ̀ pé mo ní in. Mo wo ojú Ìyá náà, wọ́n ń dúró kí n sọ̀rọ̀, kò sí ìbẹ̀rù lójú wọn rárá, nítorí èmi ni.

"Rárá, sà. Pípé ni wọ́n kó o wá, orí ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ wà. Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí ẹnu yẹn."

N ò dúró níbẹ̀. Mo fi ohun tí ẹnikẹ́ni ò bi mí kún un.

"Ojú wọn ò dáa mọ́, sà. Gbogbo wa la mọ̀. Bóyá wọ́n ń bẹ̀rù kí wọ́n má lé wọn kó tó di pé wọ́n fẹ̀yìn tì."

Ìyá náà yíjú sí mi. Wọ́n dà bí ẹni tí wọ́n pè lórúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Kíákíá ti fa abẹ́rẹ́ kan yọ láti àyà aṣọ rẹ̀. Ó nà án sí wọn pẹ̀lú òwú.

"Ìyá, ẹ bá wa fi òwú yìí sí i. Nísinsìnyí."

Ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ mú abẹ́rẹ́ náà. Wọ́n lá ẹnu òwú, wọ́n tì í. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò. Wọ́n tún un tì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, wọ́n gbé òwú àti abẹ́rẹ́ sórí tábìlì Ọ̀gá Àgbà, wọ́n tò wọ́n síbẹ̀ lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin kalẹ̀.

"Ó ti tó," Ọ̀gá Àgbà wí. "Ẹ máa lọ sílé."

Kò sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ìfẹ̀yìntì, ẹnì kankan ò sì bi í. Ìyá náà ká tìmùtìmù kékeré tí wọ́n máa ń fi sórí àga wọn, wọ́n fi há abíyá, wọ́n jáde. Oṣù mẹ́rìndínlógún ló kù fún wọn.

Kíákíá fọwọ́ lù mí léjìká. "Irú ẹni tó lójú báyìí la fẹ́. Láti ọ̀la, wàá máa mójú tó tábìlì àyẹ̀wò náà, wàá sì máa bá wa rán díẹ̀ nínú èjìká tí ìyá yẹn fi sílẹ̀."

"Ọ̀gá, ọgọ́fà mi…"

"Ọgọ́fà ni."

"Ó dáa, mà."

Ẹ ò rí nǹkan. Irọ́ tí mo pa torí kí iṣẹ́ má baà pọ̀ jù fún mi, òun ló tún bí iṣẹ́ méjì sí i.

Ọjọ́ kẹsàn-án lẹ́yìn náà ni Alábẹ̀wò dé láti ilé ìtajà tó ń ra aṣọ wa. Ọ̀dọ́kùnrin kan ni, kò ga, ó ń rọra sọ̀rọ̀. Ó ní kí wọ́n gbé ìwé abẹ́rẹ́ fún òun. Ó jókòó sídìí tábìlì àyẹ̀wò láàárín gbọ̀ngàn, ó yọ awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá látinú àpò, ó ń ṣí ìwé náà lójú kan lójú kan. Mò ń rán ọrùn, mò ń wò ó. Mo rán ọrùn méjì mọ́ ara wọn, mo tú wọn.

Nígbà tó di ọ̀sán, ó ní kí ẹ̀rọ dúró.

"Ta ló ń tọ́jú ìwé yìí?"

Mo dìde. Kíákíá àti Ọ̀gá Àgbà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Wá wo ibí," ó wí fún mi.

Mo fojú sínú awò. Ìdí abẹ́rẹ́ Ìyá Onígíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun. Ẹnu tí mo lẹ̀ mọ́ ọn rí bí ìṣó.

"Abẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, nọ́ńbà mẹ́sàn-án, ni ẹ ń lò fún aṣọ ọmọ ọwọ́. Ẹnu yìí, nọ́ńbà mẹ́rìndínlógún ni, ti ṣòkòtò. Kò sí bó ṣe lè ti ara ẹ̀rọ ìyá tí ẹ lé lọ ṣẹ́."

"Mo ti sọ ọ́, sà," mo wí. "Wọ́n mú un láti ibòmíràn wá kí wọ́n fi tàn mí jẹ ni."

"Ó dáa." Ó ṣí ojú ìwé mìíràn. "Èyí ńkọ́? Ẹnu ṣòkòtò ni. Èyí náà." Ó ń ka orúkọ, àwọn obìnrin ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn ẹ̀rọ wọn, ẹ̀rù ń bà wọ́n. "Ojú ìwé méje ni. Ṣé gbogbo wọn ló pàdé láti tàn ọ́ jẹ?"

"Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀, sà."

Rédíò, tó wà lára àwọn tó dìde, ní, "Èmi? Ìwọ lo sọ fún mi pé ara aṣọ mi lo ti rí i."

"Mẹ́fà ni mo tíì kà," Alábẹ̀wò wí. Ó yí ìwé náà síhà ọ̀dọ̀ mi. "Bá mi ka orúkọ ẹnìkeje."

Orúkọ mi ni. Ọwọ́ ara mi ló kọ ọ́, ọwọ́ ara mi ló fọwọ́ sí i.

"Ṣé ìwọ náà lo tan ara ẹ jẹ?"

Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín. Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, wọ́n ní kó pa ẹnu mọ́. Rédíò tutọ́ sílẹ̀ níwájú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Kíákíá ló kọ́kọ́ já mi sílẹ̀. "Mi ò mọ̀ sí i o, sà. Mo fọkàn tán an ni."

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ gbé e lé mi lórí," mo wí. "Mi ò fẹ́ iṣẹ́ abẹ́rẹ́ yìí, kò sí ìgbà kan tí mo fẹ́ ẹ."

"Ṣé o sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn?" Ọ̀gá Àgbà bi mí.

Mo wolẹ̀. Mi ò sọ ọ́ rí.

Wọn ò lé mi lọ́jọ́ yẹn, ìyẹn ì bá rọrùn. Gbogbo aṣọ tó ti ibẹ̀ jáde láàárín àwọn ọjọ́ yẹn, ilé ìtajà kó wọn padà, páálí lórí páálí. Ọ̀gá Àgbà ní èmi nìkan ni màá fi òòfà ra wọ́n lára, lórí ìdúró, láàárín gbọ̀ngàn. Ẹnikẹ́ni tó bá ràn mí lọ́wọ́, kó tẹ̀ lé mi lọ sílé tí mo bá ṣe é tán. Ẹnu abẹ́rẹ́ mẹ́fà ni mo gbọ́dọ̀ rí. Ti Ìyá, ọmọ ọwọ́ ti bá wa rí i.

Bí mo bá rí ọ̀kan, mo gbọ́dọ̀ wo nọ́ńbà inú aṣọ, kí n pe orúkọ ẹni tó ni ín sókè. Ẹni náà á dáhùn láìgbójú sókè. Rédíò dáhùn tirẹ̀ báyìí pé: "Ìyálóde ti rí i. Ọlọ́run ló yọ ọmọ ọlọ́mọ." Lọ́jọ́ karùn-ún, mo ti rí márùn-ún. Tèmi ló kù.

Ọjọ́ karùn-ún yẹn ni Ìyá Onígíláàsì padà wọlé. Ọ̀gá Àgbà ló lọ bẹ̀ wọ́n nílé. Ó san owó gíláàsì tuntun fún wọn, ó sì dá oṣù mẹ́rìndínlógún tó kù fún wọn padà. Wọ́n tẹ́ tìmùtìmù wọn sórí àga. Kò tíì pẹ́ tí wọ́n jókòó tí Kíákíá fi dé.

"Ìyá, ẹ kú àbọ̀. A ò tíì rí ẹni tí yóò máa tọ́jú abẹ́rẹ́ o. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ olóòótọ́, ẹ bá wa máa ṣe é mọ́ iṣẹ́ yín."

"Rárá o, mi ò ní ṣe é," Ìyá náà wí. "Èjìká aṣọ ni mo wá rán. Ẹ wá ẹlòmíràn."

Àwọn obìnrin gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. Mo di òòfà mú, mò ń dúró kí àjà wó.

Kíákíá họ orí. "Ó dáa, Ìyá." Ó yíjú. "Rédíò, ìwọ ńkọ́?"

"Bí ẹ bá máa dín iye mi kù, mà."

"Ká dín in sí ọgọ́rin?"

"Ó tẹ́ mi lọ́rùn."

Gbogbo ẹ̀ ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Ẹ̀yin ọmọbìnrin tó ń ka èyí, tí wọ́n ti gbé ẹrù méjì lé yín lórí níbi iṣẹ́ tí ẹ ń dáhùn "ó dáa, mà", mi ò sọ pé gbogbo ọ̀gá ló máa gbọ́. Ohun tí mò ń sọ ni pé èmi ò dán an wò, mo fi ojú àgbàlagbà kan àti èjìká ọmọ ọlọ́mọ san án.

Nígbà tí Ìyá Onígíláàsì ń jáde lọ jẹun, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi. Mo kúnlẹ̀ sáàárín páálí.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi."

Wọ́n wò mí láti inú gíláàsì tuntun yẹn. Wọ́n ń rí mi dáadáa.

"Mélòó ló kù?"

"Ọ̀kan, mà."

"Dìde, kí o máa wá a," wọ́n wí, wọ́n sì lọ.

Mo wá a tán lọ́jọ́ kẹfà. Aṣọ tó kẹ́yìn gba abẹ́ òòfà kọjá, òòfà ò gbé nǹkan kan. Àwọn aṣọ kan ti tà kó tó di pé wọ́n kó ìyókù padà. Wọ́n yọ orúkọ mi kúrò nínú ìwé òṣìṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Aṣọ àtúnṣe ni mò ń ṣe nílé báyìí. Bí mo bá wà lójú ọ̀nà tí mo gbọ́ ọmọ ọwọ́ tó ń ké lẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo máa ń sún mọ́ wọn, mo máa ń bẹ ìyá náà pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ọrùn aṣọ ọmọ rẹ̀. Wọn kì í jẹ́ kí n fọwọ́ kàn án.